Àgbéyẹ̀wò CT scan ikùn: ohun tó tú àṣírí ọyún inú ẹ̀dọ̀ mi

Ẹni tí ibà ń ṣe lọ ṣe bọ̀, tó ti lo oògùn ibà àti ti táífọ́ọ̀dù tì, tí òkè ikùn sì ń dùn ún, ẹ bá mi pè é kó wá ka èyí.

Síkáànù ikùn, èyí tí wọ́n ń fi jẹ́ẹ̀lì pa ikùn ṣe, ló kọ́kọ́ fi hàn pé ọyún ti kó jọ sínú ẹ̀dọ̀ mi lápá òsì. Nílé ìwòsàn àkọ́kọ́, wọ́n ki rọ́bà bọ̀ ọ́, wọ́n fa ọyún náà, wọ́n fún mi ní oògùn apakòkòrò. Ara mi yá, àmọ́ kò pẹ́ tí ibà tún gbé mi dè. Kò sẹ́ni tó béèrè ibi tí ọyún ti wá! Ó ṣì ń dùn mí. X-ray kò rí nǹkan kan.

Dókítà mìíràn ló ní kí n lọ ṣe CT, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán X-ray ya inú ara ní ìpele-ìpele. Wọ́n kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò nítorí kíndìnrín, wọ́n sì bi mí bóyá oògùn kan máa ń gbòdì lára mi. Bí wọ́n ṣe fa oògùn tó ń jẹ́ kí àwòrán mọ́ sí mi lápá, ooru kan gba ọ̀fun mi lọ dé abẹ́ ikùn, ó ṣe mí bí ẹni tó tọ̀ sára. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀, n ò fòyà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n fi yà á. Èsì ló pẹ́, owó rẹ̀ sì ga.

Dókítà fi hàn mí lójú kọ̀ǹpútà: ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó ti ara àpòlúkù wọnú ẹ̀dọ̀. Egungun ẹja ni! Kì í sábà hàn nínú X-ray lásán. N ò rántí ìgbà tí mo gbé e mì, ó sì ní ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣe kì í rántí. Láti 1898 ni àwọn dókítà ti ń kọ irú rẹ̀ sílẹ̀: egungun ẹja, egungun adìyẹ, igi ìtayín. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tá a bá gbé mì ń bá ìgbẹ́ jáde. Èyí tó mú ṣóńṣó ló ń gún inú. Tí wọn ò bá yọ ọ́, ọyún lè máa padà. Ojú ihò kéékèèké ni wọ́n gbà yọ tèmi, ibà náà sì lọ pátápátá.

Owó náà tọ́ sí i. Ẹ ṣáà gba àwòrán sórí CD, ẹ má gba ìwé èsì nìkan. Oníṣẹ́ abẹ á fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí ibi tí egungun wà.