Ká dá owó UNESCO dúró, àbí ká jáde pátápátá?

Àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà tí kò fẹ́ràn UNESCO, àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́, sáyẹ́ǹsì àti àṣà, lè fi òfin dá owó dúró fúnra wọn. Ìwé ìjáde ní tirẹ̀, ìjọba ààrẹ ló ń kọ ọ́. Òfin 1990 àti 1994 ló dí owó náà lọ́nà nígbà tí àjọ náà gba Palẹ́sítínì wọlé ní 2011. Àmọ́ gbèsè ń gorí gbèsè. Bó bá ti ju owó ọdún méjì lọ, ẹ̀tọ́ ìdìbò bọ́ nìyẹn. Ní 2013 ló bọ́ mọ́ Amẹ́ríkà lọ́wọ́.

Ìjáde kì í yá: ìwé tí wọ́n bá kọ lọ́dún yìí, ó di ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún tó ń bọ̀ kó tó múlẹ̀. Gbèsè àtẹ̀yìnwá kò sì parẹ́. Síbẹ̀, lójú tiwa, dídá owó dúró ló burú jù: èèyàn jókòó sípàdé láì lè dìbò, gbèsè sì ń ga sí i lọ́dọọdún.