Ìwé Stephen King tí mo ti ń sá fún láti kékeré, òun ni mo wá ń wá kiri ọjà báyìí

Ẹ jẹ́ n ti ibi péèjì tí ò sí bẹ̀rẹ̀. Misery ni mo rà, ọ̀kan nínú ìwé Stephen King, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń kọ ìtàn adẹ́rùbani, ìwé tòkunbọ̀ ni, lọ́wọ́ bọ̀ọ̀dá kan tó ń pàtẹ ìwé sẹ́bàá títì n'Íbàdàn, ₦1,500, iwájú ìwé dáa, kò ya, mo ṣí àárín rẹ̀ wò, ó mọ́, ni mo bá sanwó. Alẹ́ ọjọ́ kẹta tí mo ti ń kà á, aago kan òru ti kọjá, iná ò sí, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi ń kà á, àyà mi ń já, mo ṣí péèjì báyìí, páálí ẹ̀yìn ìwé ni mo bá. Wọ́n ti ya òpin ìwé lọ. Mo gbé e súnmọ́ iná, mo rí ibi tí gọ́ọ̀mù ti gbẹ tí etí bébà díẹ̀díẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Mi ò sùn lóru ọjọ́ yẹn. Ilẹ̀ mọ́, mo padà lọ bá bọ̀ọ̀dá yẹn, ó ní ọjà tí wọ́n bá ti rà lọ́wọ́ òun kì í padà, mo bẹ̀ ẹ́, mo bínú, kò gbà. Mo wọkọ̀ láti ibẹ̀ lọ sílé ìtàwé gidi, mo ra tuntun, owó rẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ lọ́nà mẹ́rin ó lé, torí ìwọ̀nba péèjì tó kù yẹn. Orí ìdúró ni mo ti kà á tán níwájú ilé ìtàwé. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé mo ti di ọmọ ẹ̀yìn ọkùnrin yìí pátápátá.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, mo ti sá fún un tipẹ́. Nílé wa, ìwé tí wọ́n bá ya egungun orí tàbí ojú tó ń ṣẹ̀jẹ̀ síwájú rẹ̀, Mọ́mì mi ò ní jẹ́ kó sun inú ilé. Wọ́n ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń ṣílẹ̀kùn fún ohun tí ò dáa. Mi ò bá wọn jiyàn, mo gbà wọ́n gbọ́, mo fi pé ọgbọ̀n ọdún mi ò fọwọ́ kan ìtàn adẹ́rùbani kankan. Àǹtí kan níbi iṣẹ́ wa ló yá mi ní Pet Sematary, ìwé King náà ni, wọ́n ní kí n kà á dé ìdajì, kí n wá sọ fún àwọn bóyá iwin ló wà nínú rẹ̀ àbí òbí.

Ìtàn yẹn ò ṣòro láti sọ. Dókítà kan, Louis Creed, kó ìyàwó, ọmọ méjì àti ológbò wọn kúrò ní Chicago lọ sí ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Ludlow, ní ìpínlẹ̀ Maine lókè lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, torí ó ríṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Iwájú ilé wọn, títì ni, tánkà ń sáré níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ẹ̀yìn ilé, igbó ni, inú igbó yẹn sì ni àwọn ọmọ àdúgbò ń sin ajá àti ológbò wọn sí, àwọn ọmọ yẹn ló kọ orúkọ ibẹ̀ sára pákó tí wọn ò mọ sípẹ́lì rẹ̀, cemetery, ìyẹn itẹ́ òkú, ni wọ́n kọ ní sematary, ìyẹn ló jẹ́ kí àkọlé ìwé náà rí bó ṣe rí. Tẹ́ ẹ bá wá kọjá ibẹ̀, tẹ́ ẹ gun òkìtì igi gbígbẹ kan tẹ́ ẹ sì la àbàtà já, ilẹ̀ mìíràn wà níbẹ̀, ohun tẹ́ ẹ bá sin síbẹ̀ á padà wálé.

Ọkọ̀ pa ológbò. Bàbá àgbà ojúlé kejì tó ń jẹ́ Jud mú Louis wọ igbó lóru, wọ́n sin ín, lọ́jọ́ kejì ológbò wọlé. Ara rẹ̀ ń rùn, òórùn ilẹ̀, kò mọ̀ ọ́n rìn mọ́ bí ológbò ṣe ń rìn, ó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ọmọbìnrin tó ni ín ò fẹ́ kó sùn ti òun mọ́. King ò pariwo rárá níbẹ̀. Kò sí iwin tó fò jáde látẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ológbò kan ṣáá ni, tí nǹkan kan ti kúrò lára rẹ̀, ẹ ò sì ní lè sọ ohun tó kúrò.

Àwa náà kúkú mọ àkúdàáyà. Ta ni ò tíì gbọ́ ọ rí pé ẹnì kan kú nílùú báyìí, wọ́n sin ín, ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n wá lọ rí i lọ́jà ìlú tó jìnnà tó ń tajà, ó ti fẹ́yàwó míì, bí wọ́n ṣe pe orúkọ rẹ̀ báyìí, ó pòórá. Àkúdàáyà tiwa, òun fúnra rẹ̀ ló ń lọ, ó fẹ́ lo ọjọ́ tó kù fún un ni, kò da ẹnikẹ́ni láàmú. Ti King yìí, èèyàn ló lọ fà á wá. Ibẹ̀ ni ìwé náà ti mú mi, torí òkú kọ́ ló ń dẹ́rù bà mí nínú rẹ̀, ẹni tó ń walẹ̀ ni.

Ẹni tí ò bá fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ìwé, kó fo ìpínrọ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ lé èyí o. Mi ò ní sọ òpin rẹ̀ ṣá.

Orí kan wà níbẹ̀ tí Louis àti Gage, ọmọ rẹ̀ kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, ń fi káìtì ṣeré ní pápá, bébà tí wọ́n máa ń so mókùn tí atẹ́gùn á gbé ròkè yẹn. Bàbá fi okùn lé ọmọ lọ́wọ́, ọmọ ń rẹ́rìn-ín kèékèé, inú ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á ń dùn, àfi bí King ṣe rọra sọ ọ́ pé ọmọ yìí ò ní lò tó oṣù méjì mọ́ láyé. Wẹ́rẹ́ báyẹn, láàárín ẹ̀rín. Mo gbé ìwé sílẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo gbọ́wọ́ lé e láyà, ọwọ́ mi ń lọ sókè ó ń bọ̀ nílẹ̀ pẹ̀lú èémí rẹ̀, ó pẹ́ kí n tó tún lè gbé ìwé náà. Ibòmíì tún wà tí Louis sáré gbá ọmọ mú lẹ́bàá títì kí tánkà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọmọ yè é, ó dàgbà, ó wọ yunifásítì, ó di òmùwẹ̀ tó lọ sí Olympics, gbogbo ayé ọmọ náà ni King kọ fún wa, a ti ń dúpẹ́, la bá rí fìlà ọmọ tó kún fún ẹ̀jẹ̀. Àlá ni bàbá ń lá.

Nígbà tí mo dé ibi tí Louis ti lọ ra ṣọ́bìrì àti dígà, tó fo irin ọgbà ìsìnkú lóru láti lọ hú ọmọ rẹ̀, orúkọ tó sọ sí mi lọ́kàn ni Kòsọ́kọ́. Àwọn baba wa ló ń sọ ọmọ àbíkú ní Kòsọ́kọ́, pé kò sí ọkọ́ tá a máa fi gbẹ́lẹ̀ rẹ mọ́, jókòó tì wá. Wọ́n ń sọ ọ́ ní Málọmọ́, wọ́n ń sọ ọ́ ní Dúrósinmí. Gbogbo ẹ̀bẹ̀ yẹn, ìgbà tí ọmọ ṣì ń mí ni wọ́n ń bẹ̀ ẹ́. Louis ò rẹ́ni bẹ̀ mọ́, ọkọ́ ló gbé. Mo bínú sí i, mo sì mọ̀ nínú ara mi pé tó bá jẹ́ èmi, mi ò lè búra.

Jud ló dùn mí jù ṣá. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, àgbà yìí wà níbẹ̀, òun gan-an ló wọ́ ọ. Ó mọ ilẹ̀ yẹn, ó ti sin ajá tiẹ̀ síbẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé, síbẹ̀ ó mú Louis lọ torí Louis ló gba ẹ̀mí ìyàwó Jud là lọ́jọ́ tí ọkàn obìnrin náà fẹ́ dáwọ́ dúró, ó fẹ́ fi oore san oore. Kò sí ọ̀dájú kankan nínú ìwé yẹn o. Gbogbo wọn ló nífẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ọ̀rọ̀ yẹn ò sì jìnnà sí King alára. Ó ti gbé ilé kan rí lẹ́bàá irú títì bẹ́ẹ̀, ní Orrington ní Maine, nígbà tó ń kọ́ni ní yunifásítì, ọkọ̀ pa ológbò ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin náà sáré forí lé títì lọ́jọ́ kan, díẹ̀ ló kù. Nígbà tó kọ ìwé náà tán, ó ní òun ti kọjá ààlà, ó gbé e pamọ́. Àdéhùn tó wà láàárín òun àti àwọn tó ń tẹ̀wé fún un ló mú un jáde ní 1983. Mo ní kí n sọ ìyẹn kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan ni ìwé yìí dẹ́rù bà.

Látorí ìyẹn ni mo lọ wá Carrie, ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ tó jáde ní 1974. Òun ló kúrú jù nínú àwọn tí mo ti kà, ẹni tí ò bá lákòókò kó ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin tí wọ́n ń fi ṣẹ̀sín nílé ẹ̀kọ́, tí ìyá rẹ̀ ń tì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù nílé pé kó gbàdúrà. Ìyá yẹn ló dẹ́rù bà mí ju agbára tí ọmọ ní lọ, mo mọ ilé tí wọ́n ti ń fi àdúrà jẹ ọmọ níyà, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Bí ìwé náà ṣe délé ayé gan-an dùn ún gbọ́. King ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì nílé ẹ̀kọ́ girama nígbà yẹn, inú ilé tírélà ni òun àti ìyàwó àtọmọ ń gbé, ó kọ péèjì díẹ̀, ó ní kò lọ síbì kankan, ó rún un, ó jù ú síbi ìdọ̀tí. Tabitha ìyàwó rẹ̀ ló ṣà á jáde, ó gbọn eérú sìgá kúrò lára bébà, ó kà á, ó ní kó parí ẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n gba ìwé náà, fóònù ilé wọn ti gé, tẹligíráàmù ni wọ́n fi sọ fún un. 2,500 dọ́là ni wọ́n kọ́kọ́ fún un, ìgbà tó yá wọ́n ta ẹ̀tọ́ láti tẹ̀ ẹ́ ní ẹlẹ́yìn rírọ̀ ní 400,000 dọ́là, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ tiẹ̀. Mo máa ń rántí obìnrin yẹn àti bébà tó ń gbọn eérú kúrò lára rẹ̀.

Misery (1987) wá ńkọ́? Òun ni mo máa fún ẹni tó bá ní òun ò fẹ́ gbọ́ nípa òkú àti iwin, torí kò sí ìkankan níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan, Annie Wilkes, yọ òǹkọ̀wé kan nínú mọ́tò tó dojú dé nínú yìnyín ní Colorado, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti ṣẹ́, Annie ń tọ́jú rẹ̀, ó nífẹ̀ẹ́ ìwé rẹ̀ ju gbogbo ayé lọ. Ìgbà tó wá kà á pé òǹkọ̀wé ti pa obìnrin tó fẹ́ràn jù nínú ìtàn, ó tì í mọ́lé, ó ní dandan ni kó jí i dìde. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni? Ẹni tó kú, ẹni tí ò gbà. Tàipúráítà tó rà fún un ò ní lẹ́tà n, nínú ìwé tẹ́ ẹ bá ń kà náà, ẹ máa rí ibi tí n ti sọnù tí wọ́n fọwọ́ kọ ọ́ sí i. King ti sọ pé kokéènì tó ń lò nígbà yẹn lòun fi Annie ṣàpèjúwe. Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn tí mo gbọ́ ìyẹn, ó sì yí padà lójú mi.

The Shining (1977) dáa gan-an, bàbá ọ̀mùtí tó ti ṣẹ́ ọmọ rẹ̀ lápá lẹ́ẹ̀kan rí, tó ń sapá tọkàntọkàn kó má padà sídìí ọtí, òun àti ìyàwó àti ọmọ nìkan nínú hòtẹ́ẹ̀lì ńlá tí yìnyín sé mọ́. Ẹ ka ìwé kẹ́ ẹ tó wo fíìmù 1980 o. King ò fẹ́ràn fíìmù yẹn, èmi náà ò fẹ́ràn rẹ̀ tó ìwé, nínú fíìmù ojú bàbá yẹn ti dà rú láti ìbẹ̀rẹ̀, nínú ìwé ẹ máa rí bó ṣe fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ tó, ìyẹn ló ń jẹ́ kó dunni nígbà tó bá bàjẹ́.

It ni mi ò lè gbà yín níyànjú láti rà lákọ̀ọ́kọ́. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún péèjì, ìtàn àwọn ọmọdé inú rẹ̀ dùn bí oyin, àmọ́ King a máa yà sọ́tùn-ún, a máa yà sósì, ẹ ó gbàgbé ibi tẹ́ ẹ ti kúrò, ibì kan sì wà lápá ìparí nípa àwọn ọmọ yẹn tí mi ò fẹ́ràn rárá, kò yẹ kó wà níbẹ̀. Mo jáwọ́ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó parí ẹ̀. Pet Sematary náà, ọgọ́rùn-ún péèjì àkọ́kọ́ lọ́ra díẹ̀, ẹ fara dà á. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ò le, Gẹ̀ẹ́sì ẹni tó jókòó síwájú ilé tó ń sọ̀rọ̀ ni, orúkọ ọṣẹ àti bíà àti rédíò Amẹ́ríkà tó ń dà sí i ló lè rú yín lójú.

Mo dá ìwé àǹtí padà fún wọn. Wọ́n bi mí, iwin àbí òbí? Mo ní òbí. Wọ́n ní àwọn náà ti mọ̀, wọ́n sì yá mi ní 'Salem's Lot, ìwé King míì, àmọ́ ó wù mí kí n ní tèmi, ni mo bá tún lọ sẹ́bàá títì lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ̀ ẹlòmíì. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ṣí i ní péèjì kọ̀ọ̀kan láti iwájú dé ẹ̀yìn, obìnrin tó ń tà á ń wò mí, kò sọ nǹkan kan. Ó pé. Mo sanwó.