Ilé Mark Twain ní Hartford: ẹ rí i pé ẹ gùn ún dókè pátápátá

Owó tí mo san wọbẹ̀ ò dùn mí rárá o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ìhà New York àti Boston tẹ́ ẹ máa ń wá ibi tẹ́ ẹ lè gbé àwọn ọmọ lọ, ẹ gbé wọn lọ sílé Mark Twain, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà yẹn, ní Connecticut. Ó ti di mùsíọ́mù báyìí, gáìdì ló máa mú yín yí i ká.

Samuel Clemens lorúkọ àbísọ ẹ̀. Ọdún 1874 lòun àti Livy ìyàwó ẹ̀ kó wọbẹ̀, yàrá 25, owó tí ìyàwó mú wá sì wà ńbẹ̀ dáadáa torí bàbá Livy rí towó ṣe nídìí òwò èédú. Àwọn èèyàn Louis Tiffany, gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọ̀ṣọ́ ilé, ló ṣe ọ̀ṣọ́ sí ògiri ìsàlẹ̀ ní 1881, ẹni tó bá fẹ́ràn irú ẹ̀ á yanu. Èmi ò tiẹ̀ ráyè ìyẹn, yàrá ìwé ló mú mi. Wọ́n to nǹkan wẹ́wẹ́ sórí ibi tí wọ́n ti ń dáná yáná, àwòrán ológbò wà nípẹ̀kun kan, tọmọbìnrin kan wà nípẹ̀kun kejì, àwọn ọmọ ẹ̀ Susy, Clara àti Jean á wá ní kí bàbá àwọn pa ìtàn, ìtàn yẹn sì gbọ́dọ̀ kan gbogbo nǹkan tó wà ńbẹ̀ bí wọ́n ṣe tò ó, kò gbọ́dọ̀ fo ọ̀kan, kò sì gbọ́dọ̀ jọ tàná. Àwọn ọmọ yẹn le jàre!

Bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n rà ní Venice náà wà lókè, wọ́n gbẹ́ áńgẹ́lì sí i níbi orí, tọkọtaya yìí bá gbórí síbi ẹsẹ̀ kí wọ́n lè máa wo ohun tí wọ́n nówó lé.

Òkè pátápátá lẹ ti máa rí tábìlì bílíádì àti ibi tó ti ń kọ̀wé, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyàwó ẹ̀ ní Elmira, ní ìpínlẹ̀ New York, ló ti kọ púpọ̀ nínú ìwé ẹ̀ Tom Sawyer àti Huckleberry Finn nígbà ooru. Òkè yẹn náà ni yàrá George Griffin, wọ́n bí i sóko ẹrú, ó wá fọ fèrèsé lọ́jọ́ kan, ló bá di bọ́tílà ilé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn kan ní lára ẹ̀ ni Twain ti yọ Jim, ẹrú tó sá lọ nínú Huckleberry Finn. Ìwé yẹn ṣá, èébú tí wọ́n fi ń pe èèyàn dúdú ti pọ̀ jù nínú ẹ̀, mi ò tíì fáwọn ọmọ mi kà. Àmọ́ Twain yìí kan náà ló sanwó fún Warner McGuinn, ọmọ dúdú tó ń ka lọ́ọ̀ ní Yale, McGuinn ló sì wá ran Thurgood Marshall, èèyàn dúdú àkọ́kọ́ tó di adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà, lọ́wọ́ nígbà tíyẹn ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́yà.

Ẹ̀rọ kan tó ń to lẹ́tà fáwọn ìtẹ̀wé ló jẹ Twain lówó run, ni wọ́n bá ti ilé pa ní 1891, wọ́n gba Yúróòpù lọ. Susy kú sílé yẹn ní 1896, ọmọ ọdún 24, àwọn òbí ẹ̀ ò sí ńlé, ìyá ẹ̀ ò wá lè gbébẹ̀ mọ́. Wọ́n tà á ní 1903.

Ilé Harriet Beecher Stowe, obìnrin tó kọ ìwé Uncle Tom's Cabin, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ gan-an, àmọ́ tíkẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ yàtọ̀, ẹ mówó dání. Ẹni tí orúnkún ń dùn kó mọ̀ pé àtẹ̀gùn ni o.