Àgbéyẹ̀wò sáréè Kanchipuram: ibi tí àwọ̀ méjì ti pàdé ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Sáréè ni aṣọ gígùn tí àwọn obìnrin Íńdíà ń wé mọ́ra. Èyí tí mò ń gbé yẹ̀wò yìí jẹ́ pupa, etí rẹ̀ méjèèjì àti pallu, ìyẹn ìpẹ̀kun tó ń rọ̀ léjìká, sì jẹ́ àwọ̀ ewé. Ó gùn ní mítà 5.5, ó ní sẹ̀ǹtímítà 80 mìíràn fún búláòsì, fífẹ̀ rẹ̀ tó mítà 1.2. Lórí òṣùwọ̀n, ó lé díẹ̀ ní gíráàmù 700. Kanchipuram ni wọ́n ti hun ún, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Tamil Nadu ní Íńdíà, tí kò jìnnà sí Chennai. Owó rẹ̀ ga, ó sì tọ́ sí i. Àwọn ojú ìsopọ̀ rẹ̀ ló jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe dídán rẹ̀.

Ẹni tó bá mọ aṣọ òkè mọ̀ pé tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ la ń hun ún, kí a tó rán an pọ̀. Ti sáréè yàtọ̀: odindi ìbú rẹ̀ ni wọ́n ń hun papọ̀, abẹ́rẹ́ kankan kò kàn án. Báwo wá ni àárín ṣe pupa, tí etí jẹ́ ewé, tí ọ̀kan kò sì yọ sínú èkejì? Ọkọ̀ òfì mẹ́ta, ìyẹn igi kékeré tó ń gbé òwú ìdábùú kọjá, ni wọ́n ń lò, ọ̀kan fún àárín, ọ̀kan fún etí kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ etí á wọlé dé ààlà, òwú rẹ̀ á kọ́ òwú ọkọ̀ àárín lọ́rùn, kálukú á sì padà síbi tó ti wá. Korvai ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yìí. Ọwọ́ ẹnìkan kò ká a: ahunṣọ á jókòó sétí kòtò òfì, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wà nínú kòtò lórí ìtẹsẹ̀, olùrànlọ́wọ́ á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti máa ju ọkọ̀ etí kejì.

Ẹ yí aṣọ náà dà, kí ẹ fi ìka tọ ààlà yẹn lọ. Ìka yín á kan àwọn kókó wẹẹrẹ tó tò lẹ́sẹẹsẹ bí eyín. Ibẹ̀ náà ni àṣìṣe máa ń fara hàn. Bí wọ́n bá fa òwú etí le jù, etí á sún kì bí ẹnu àpò tí wọ́n fi okùn fà. Bó bá dẹ̀ jù, ihò á hàn bí ẹ bá gbé aṣọ sójú ìmọ́lẹ̀. Eléyìí sún kì díẹ̀ ní nǹkan bíi mítà méjì sí ìpẹ̀kun tó ń wọ inú. Àárín pílíìtì, ìyẹn ìṣẹ́po iwájú sáréè, ló bọ́ sí, kò hàn síta.

Ojú ìsopọ̀ kejì ni petni, níbi tí àárín ti di pallu. Wọ́n á mú òwú gígùn tuntun aláwọ̀ ewé, wọ́n á so ó mọ́ òwú pupa tó wà lórí òfì lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀, kí wọ́n tó gé pupa kúrò. Ìlà tó ga díẹ̀ ló máa ń fi sílẹ̀. Àbùkù kọ́ nìyẹn o. Níbi tí wọn kò bá ti ṣe petni, òwú ìdábùú nìkan ni wọ́n pààrọ̀. Ẹ gbé irú pallu bẹ́ẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún nínú oòrùn, pupa á máa yọjú lábẹ́ ewé. Èyí kò sọ ọ́ di ayédèrú, àmọ́ kò yẹ kí ẹ san owó petni lé e.

Karnataka ni púpọ̀ nínú sílíìkì náà ti ń wá, Surat ní Gujarat sì ni wọ́n ti ń ṣe zari, òwú oníwúrà inú rẹ̀. Nínú zari àtàtà, sílíìkì pupa ló wà láàárín, wọ́n wé fàdákà pẹlẹbẹ mọ́ ọn, wọ́n wá fi wúrà fẹ́ẹ́rẹ́ bò ó. Ẹ fi èékánná ha fọ́nrán kan ní wajawaja rẹ̀: bí funfun tàbí ọ̀rá bá yọ, ayédèrú ni. Bí pupa bá yọ, ẹ má tíì yọ̀, nítorí àwọn aláfarawé náà ti ń rẹ òwú inú wọn ní pupa. Ìdánwò irin ní ilé ayẹ̀wò ló ń parí ọ̀rọ̀. Fún sílíìkì, ẹ jó òwú kan: á rùn bí irun tó jóná, eérú rẹ̀ á sì kúnná. Èyí tó bá yọ́ di kóró líle kì í ṣe sílíìkì.

Àmì Silk Mark ń jẹ́rìí sí sílíìkì, kò sọ pé ọwọ́ ló hun ún. Handloom Mark ló ń sọ ìyẹn. Ẹ béèrè méjèèjì.

Ní wíwọ̀, ìwúwo rẹ̀ ń mú pílíìtì dúró gírí; mẹ́fà sí méje tó, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 12. Yẹ̀rì olówùú ni kí ẹ wọ̀ sábẹ́, torí sílíìkì máa ń yọ̀ lórí yẹ̀rì tó ń dán. Píìnì ìgúnṣọ máa ń ya á léjìká, ẹ fi aṣọ kékeré tẹ́ abẹ́ rẹ̀. Kí ẹ tó rán fall, aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dáàbò bo ìsàlẹ̀ etí, ẹ rẹ ẹ́ sómi kó gbẹ ná. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun ni yóò sún kì nígbà tó bá yá, tí yóò sì ba korvai tó mọ́lẹ̀ rekete jẹ́. Ọwọ́ ni kí wọ́n fi rán an, kì í ṣe ẹ̀rọ.

Ẹ má fọ́n lọ́fínńdà sí zari, á dúdú. Dráìkílínà ni kí ẹ gbé e fún. Áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná púpọ̀ ni kí ẹ fi lọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn, pẹ̀lú aṣọ òwú láàárín. Aṣọ òwú funfun ni kí ẹ fi wé e, kì í ṣe ọ̀rá, kí káńfọ̀ má sì fara kàn án. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ tú u, kí ẹ sì ká a síbòmíràn: ojú ìkápọ̀ kan náà, bó bá pẹ́, ni zari ti ń já.