Ìkìlọ̀ fún gbogbo ẹni tó ń ra ṣáfùtù àti béárìn tọ́kùnbọ̀ ní Àbújá àti agbègbè rẹ̀

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ń fi ẹ̀rọ jẹun ní Àbújá, Suleja, Minna títí dé Kaduna, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kẹ́ ẹ tó tún ra páàtì. Ọkùnrin kan wà níbí tó ń ta irin tó ti sán fáwọn èèyàn bíi tọ́kùnbọ̀ gidi. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ọgbọ́n tó ń dá ni mo fẹ́ tú síta, torí mi ò rò pé òun nìkan ló ń dá a.

Ẹ̀rọ ìlọkà ni mo ní ní Gwagwalada. Àgbàdo, ọkà bàbà àti jéró là ń lọ̀ níbẹ̀ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nígbà tí ṣáfùtù rẹ̀, ìyẹn ọ̀pá irin tó ń yí nínú ẹ̀rọ, jẹ, mo lọ bá ọkùnrin yìí. Bó ṣe gbọ́ ohùn mi ló ti bẹ̀rẹ̀ Yorùbá, "Ìyá mi, ẹ káàbọ̀, ọmọ yín ni mí." Èdè wa tó sọ yẹn ló mú mi tú ara sílẹ̀. Ó gbé ṣáfùtù kan jáde tí wọ́n ti fi ọ̀dà dúdú kùn kárí, ó ń dán gbinrin. ₦70,000 la fi parí ẹ̀. Mo béèrè rìsíìtì, ó ní ṣé èmi náà ò mọ ọmọ mi ni.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi kán sí méjì lẹ́nu iṣẹ́. Púlì, ìyẹn kẹ̀kẹ́ irin tí bẹ́líìtì wé mọ́, fò yọ, ó gba ẹ̀gbẹ́ orí ọmọ iṣẹ́ mi kọjá, ó sì lu ògiri. Ihò tó dá sára búlọ́ọ̀kù ṣì wà níbẹ̀, tí mo bá ti wò ó, ara mi á gbọ̀n. Ọmọ ọlọ́mọ ni.

Mo pe ọkùnrin náà. Ó ní iṣẹ́ tá a gbé lé e ló pọ̀ jù, pé kí n kó irin náà wá, òun á pààrọ̀ rẹ̀. Mo ti fẹ́ fi ránṣẹ́! Bàbá tó ń bá mi tún ẹ̀rọ ṣe, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti pẹ́ nílẹ̀ Hausa, ló ní kí n dúró ná. Wọ́n gbé ojú ibi tó ti kán síta sínú oòrùn, wọ́n ní kí n wá wò ó.

Ojú irin náà pín sí méjì. Apá kan, tó ju ìdajì lọ, jọ̀lọ̀, àwọn ìlà wẹ́wẹ́ sì yí po láti igun ojú kíì (kòtò tí wọ́n gbẹ́ sára ṣáfùtù láti fi há púlì mọ́ ọn) bí òrùka inú igi tí wọ́n gé. Apá kejì rí gbágungbàgun, ó ń kọ mànà bíi ṣúgà. Ibi tó jọ̀lọ̀ yẹn, lẹ́bàá etí rẹ̀, ti dípẹtà, ọ̀dà dúdú sì ti wọ ibẹ̀. Àwa ò kun ọ̀dà sí nǹkan kan. Báwo ni ọ̀dà ṣe dé inú irin tí kò tíì sán?

Bàbá ṣàlàyé ẹ̀ fún mi. Ibi tí sísán náà dúró sí kó tó tún máa lọ ni òrùka kọ̀ọ̀kan. Ó jọ̀lọ̀ torí ojú irin méjèèjì ti ń ha ara wọn tipẹ́. Gbágungbàgun ni ìwọ̀nba tó kù tó ń gbé ẹrù, òun ló já lọ́jọ́ yẹn. Irin tí ẹrù wúwo bá ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà kì í ní òrùka, ó sì sábà máa ń tẹ̀ tàbí kó lọ́ kó tó kán. Tèmi ò tẹ̀ rárá. Ẹ̀rọ tó ń yí nígbà 600 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìgbà 36,000 ló ń yí ní wákàtí kan, bẹ́líìtì sì ń fa ṣáfùtù tẹ̀ díẹ̀ ní gbogbo yíyí yẹn. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. August Wöhler, ará Jámánì, ti fi èyí hàn lára irin ẹsẹ̀ reluwé ní ọ̀rúndún 19: ẹrù tí irin rù lẹ́ẹ̀kan láìmira lè pa á tó bá ń padà wá láìmọye ìgbà.

Irin tó kán yìí ni ẹ̀rí, ìdí nìyẹn tí ọkùnrin náà fi ń fẹ́ kí n dá a padà. Obìnrin kan tá a jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí dá tiẹ̀ padà. Nígbà tó lọ béèrè ìpààrọ̀, ọkùnrin náà ní irin wo? Tí tiyín bá kán, ẹ má fún un. Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ojú rẹ̀, ẹ má sì kó méjèèjì pọ̀ láti wò bóyá wọ́n á ṣe rẹ́gí, torí ẹ̀rí ibẹ̀ á bàjẹ́. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ nínú oòrùn.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n fọ ọ̀dà kúrò. Ẹni tó bá kọ̀, ẹ kúrò níwájú ẹ̀. Ẹ fi okùn gbé ṣáfùtù kọ́, kẹ́ ẹ fi òòlù kékeré kàn án. Èyí tó péye á dún gooro, èyí tó sán á sábà dún bí ìkòkò tó fọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi kẹrosíìnì pa igun tí ibi tó nípọn ti pàdé ibi tó tínrín àti ojú kíì. Ẹ jẹ́ kó dúró fún bí ìdajì wákàtí, ẹ nù ún gbẹ dáadáa, kẹ́ ẹ wá fi ẹfun lílọ̀ pa á. Tó bá ti sán, kẹrosíìnì inú rẹ̀ á jáde, á sì fa ìlà tó ṣú sára ẹfun. Báwọn òṣìṣẹ́ reluwé ayé àtijọ́ ṣe ń yẹ irin wọn wò nìyẹn. Ibi tí wọ́n bá ti jó irin pọ̀ lára ṣáfùtù, ẹ má rà á.

Béárìn, tí ṣáfùtù ń yí nínú rẹ̀, náà ń kọ́? Ọkùnrin náà ń fọ ògbólógbòó, á fún un ní gíríìsì tuntun, á wé e ní nylon. Ẹ fi èékánná tọ ipa tí bọ́ọ̀lù ń gbà. Tó bá ní ihò wẹ́wẹ́ bí ojú àpá ṣọ̀pọ̀nná, ó ti jẹ. Ẹ tún wo nọ́ńbà ara rẹ̀ bóyá wọ́n ha á. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà 6308, ẹ fi 5 sọ 08 tó gbẹ̀yìn rẹ̀ di púpọ̀: ihò àárín rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 40 mm. Ẹ mú rúlà dání.

Mò ń kó ẹjọ́ mi lọ sí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, níbí ní Àbújá. Àìní rìsíìtì ń dùn mí, àmọ́ irin náà wà lọ́wọ́ mi, mo ti fi òróró pa ojú rẹ̀, mo sì wé e sínú nylon. Ẹni tó bá ti ra ṣáfùtù ọlọ́dà dúdú láìpẹ́ yìí, ẹ má tan ẹ̀rọ yẹn lọ́la kẹ́ ẹ tó tú u wò. Kẹ́ ẹ sì kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀, ká lè jọ gbé ẹjọ́ náà lọ.