SLA, TiUnite àti òpó aláwọ̀ wúrà: èwo ni kì í tètè jẹ?

Nínú àwọn síkúrù títáníọ́mù tí àwọn oníṣègùn eyín ń gbìn sínú egungun àgbọ̀n láti fi rọ́pò gbòǹgbò eyín tó ti ká, àwọn tí ojú ara wọn jẹ́ SLA ti ilé-iṣẹ́ Straumann tàbí TiUnite ti ilé-iṣẹ́ Nobel Biocare wà lára àwọn tí orúkọ wọn gbajúmọ̀ jù lọ. Ìpolówó àwọn méjèèjì kì í yéé sọ bí egungun ṣe ń tètè dì mọ́ wọn. Ohun tí kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ni bí ara wọn ṣe lè fara da ìfaragbora, òun ni mo sì fẹ́ gbé yẹ̀ wò.

Títáníọ́mù kì í dípẹtà, nítorí awọ ọ́kísáìdì tín-ín-rín tó máa ń hù bò ó fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò le: bí nǹkan mìíràn bá ń fi ara gbo ó, awọ náà a bó, irin abẹ́ rẹ̀ a sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Àwọn síkúrù tí Per-Ingvar Brånemark kọ́kọ́ gbìn fún ènìyàn ní Swídìn ní 1965 kò ní iṣẹ́ kankan lára ju pé ẹ̀rọ gbẹ́ wọn lọ, oṣù 3 sí 6 ni wọ́n sì fi ń dúró kí egungun tó dì mọ́ wọn dáadáa.

Ní ti SLA, yanrìn líle ni wọ́n kọ́kọ́ ń fẹ́ lù ú, kí wọ́n tó fi ásíìdì jẹ ẹ́ di págunpàgun. Mo gbóríyìn fún un nítorí pé wọn kò kun ohunkóhun lé e. Irin náà gan-an ni wọ́n ṣiṣẹ́ sí, kò sí ìpele kan tó lè ṣí kúrò lára rẹ̀. Ṣóńṣó orí págunpàgun náà lè kán bí wọ́n bá ń yí i wọ egungun líle, pàápàá ti iwájú àgbọ̀n ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn mọ níwọ̀n.

TiUnite yàtọ̀. Iná mànàmáná ni wọ́n fi ń mú kí ọ́kísáìdì rẹ̀ nípọn, tó sì ní ihò wẹ́wẹ́ bíi kànrìnkàn. Ti àdánidá kì í ju nánómítà díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n máíkírómítà, tó jẹ́ ìlọ́po ẹgbẹ̀rún nánómítà, la fi ń wọn èyí. Egungun fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Àmọ́ awọ tó nípọn báyìí lè rún, àwọn tó sì yẹ egungun wò lẹ́yìn ìgbìn ti rí wẹ́wẹ́ títáníọ́mù níbẹ̀. Wọ́n ti rí irú wẹ́wẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú erìgì tó wú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn kò fi hàn pé àwọn ló fà á.

Lójú tèmi, òpó tó jókòó lórí síkúrù, tí wọ́n ń de eyín àtọwọ́dá mọ́, ló yẹ kí ènìyàn náwó lé. Ibẹ̀ ni irin ti ń gbo irin nígbàkúùgbà tí a bá ń jẹun, nítorí ojú ìsopọ̀ náà kì í dúró láìmì rárá. Bí wọ́n bá fi titanium nitride (àpòpọ̀ títáníọ́mù àti náítírójìn, tó ní àwọ̀ wúrà) bò ó, ìpele tí kò ju máíkírómítà díẹ̀ lọ, líle rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n Vickers lè tó 2000, nígbà tí ti àdàlù títáníọ́mù abẹ́ rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 350 lọ. Àwọ̀ wúrà rẹ̀ kì í tún jẹ́ kí erìgì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ hàn bí eérú. Ẹ ṣọ́ra o: iná mànàmáná lásán náà lè sọ títáníọ́mù di aláwọ̀ wúrà, láìsí líle kankan níbẹ̀, nítorí náà ẹ bi dókítà yín bóyá nitride ni. Àléébù rẹ̀ ni pé bí ẹni tó ń ṣe eyín bá tún òpó náà ha láti mú un bára mu, ibi tó ha ti di títáníọ́mù lásán.

Òpó funfun tí wọ́n fi zirconia ṣe, ohun líle bíi tánganran, rẹwà jù ú lọ, ṣùgbọ́n bí zirconia bá ń gbo inú síkúrù títáníọ́mù, títáníọ́mù ló máa ń jẹ. Ẹni tó bá fẹ́ funfun yẹn, kó béèrè èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ títáníọ́mù. Nígbà tí ẹ bá sì lọ fọ eyín lọ́dọ̀ dókítà, ẹ rán an létí pé kó má fi irinṣẹ́ onírin ha òpó náà. Èyí tí wọ́n fi ike ṣe wà.