Bínókúlà 8x42 tó jẹ́ kí n rí aró lára àgbe

Ẹ̀yin ará, bínókúlà 8x42, awò tí mo fi ń wo ẹyẹ lókèèrè, tí mo rà ní àlòkù lọ́dún tó kọjá ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ o, torí àwọn èèyàn ń bi mí pé ṣé owó ẹ̀ ò ti pọ̀ jù. Kò pọ̀ jù rárá. Kékeré kan ni mo kọ́kọ́ rà, 10x25, ẹni tó tà á fún mi ní 10 ju 8 lọ, ìyẹn ìlọ́po tí awò fi ń mú nǹkan tóbi lójú, èmi náà gbà, àfi ìgbà tí mo gbé e dénú igbó tí gbogbo ẹyẹ tí mo wò lórí igi dúdú kirikiri, mo rò pé ojú mi ló ní wàhálà!

Nọ́ńbà kejì yẹn ni kẹ́ ẹ wò dáadáa. 42 yẹn ni fífẹ̀ awò iwájú ní mìlímítà, òun ló ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé, abẹ́ igi ńlá sì ṣókùnkùn kódà lọ́sàn-án gangan. Ẹ pín 42 sí ọ̀nà 8, ó lé ní 5. Ẹ pín 25 sí ọ̀nà 10, 2.5 péré ni, fífẹ̀ ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ẹyinjú nìyẹn. Yàtọ̀ síyẹn, 10 a máa gbé gbígbọ̀n ọwọ́ èèyàn ga, téèyàn bá ti gun òkè díẹ̀ tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, àwòrán á máa jó lójú ẹ̀ ni.

Igbó Òkòmu ní ìpínlẹ̀ Ẹdó ni mo ti dán 8x42 yìí wò láàárọ̀ kùtù. Ohùn àwọn àgbe la kọ́kọ́ gbọ́, kọ́ kọ́ kọ́ kọ́, ó nípọn, ó ń dún káàkiri, mo gbójú sókè, mo rí bí ẹyẹ márùn-ún, òjìjí lásán. Mo wá gbé bínókúlà sójú, mo yí i díẹ̀, háà, aró! Ara ẹ̀ dà bí aṣọ àyìnrín tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sá, ìyẹ́ dúdú nà sókè lórí ẹ̀ bí irun ṣùkú, ẹnu ẹ̀ yẹ́lò, ṣóńṣó ẹnu yẹn wá pupa bí ẹni tó kun lípsítíìkì, abẹ́ ìrù ẹ̀ yẹ́lò pẹ̀lú ìlà dúdú kan tó fẹ̀. Láti ẹnu dé ìrù, ó lé ní 70 sẹ̀ǹtímítà. Láti kékeré ni mo ti ń ṣe àmín níbi ìsọmọlórúkọ tí wọ́n bá ní àgbe ló laró, kì í ráhùn aró, àlùkò ló losùn, kì í ráhùn osùn, mi ò sì rí ẹyẹ náà lójú kòró rí. Omi bọ́ lójú mi, mi ò ní purọ́.

Kò mọ fífò tó bẹ́ẹ̀ o, orí ẹ̀ka ló ti ń sáré bí ọ̀kẹ́rẹ́, á bẹ́ sí ẹ̀ka míì, á já èso, á jẹ ewé, tó bá fẹ́ kọjá sí igi kejì á gun òkè pátápátá kó tó na apá, á wá rọra bà sísàlẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. 8 yìí ń fi ibi tó fẹ̀ hàn, mi ò pàdánù wọn.

Àlùkò ní tiẹ̀, lẹ́bàá odò kan lápá Òkè Ògùn ni mo ti rí i. Tó bá bà, á dúdú bí ẹlẹ́sè àlùkò tó jinlẹ̀, iwájú orí ẹ̀ yẹ́lò. Ó wá na apá, osùn tú jáde! Bàbà, bàbà tí wọ́n fi ń ṣe wáyà gan-an, wà nínú pupa apá yẹn, pupa yẹn sì lè yọ́ sínú omi ọṣẹ.

Àléébù bínókúlà yìí náà wà. Okùn ẹ̀ ń gé èèyàn lọ́rùn, mo ti fi èyí tó fẹ̀ rọ́pò. Tẹ́ ẹ bá ti inú mọ́tò tí éè-sì ń ṣiṣẹ́ bọ́ sínú ooru igbó, kùrukùru á bo awò, ẹ gbé e síta tó ogún ìṣẹ́jú kẹ́ ẹ tó lò ó. Ẹni tó ń lo gíláàsì kó yí rọ́bà ibi ojú wálẹ̀. Tó bá jẹ́ àlòkù lẹ fẹ́ rà, ẹ fi wo òpó iná tó jìnnà kẹ́ ẹ tó sanwó: tí òpó bá di méjì, ẹ dá a padà fún wọn.